Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ahọ́n Ìyá

Níwájú yàrá dókítà eléyín ní Ìlaròó, bàbá kan ń ráhùn sí ìyá tó jókòó tì í: "Eyín kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Kí ni dókítà ní òun fẹ́ wo gbogbo ẹnu mi fún?"

Ìyá ní, "Bàbá, bí èmi náà ṣe sọ lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ dókítà níbí yìí ní kí n ṣáà gbé ahọ́n sókè. Ó rí àmì funfun kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ tí kò dùn mí rárá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n gé e kúrò, mo sì ti ń jẹ ata mi. Ẹnu tèmi rèé, ọmọ ọlọ́mọ ló bá mi rí ohun tó fẹ́ pa mí níbẹ̀!"

Bàbá rọra tu aṣáà ẹnu rẹ̀ sínú bébà. Nígbà tí wọ́n pè é, kó tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti lanu sílẹ̀.