Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Pe Oògùn Àbúrò Mi Ní Ọtí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé oògùn tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni dókítà kọ fún èmi náà lóṣù tó kọjá.

Iṣan ojú ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá jẹun, bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, oró rẹ̀ á gbá mi bí iná mànàmáná. Nígbà tí wọ́n kó oògùn náà fún mi, mo dá a mọ̀ kí n tó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.

Múnírà, àbúrò mi obìnrin, ló ń lò ó nígbà yẹn. Wárápá ló ń ṣe é. Èmi ni mo tọ́ ọ lẹ́yìn tí àwọn òbí wa kú, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé ní Tanke. Láti ìgbà tó ti ń lo oògùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, wárápá náà ò gbé e mọ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Mo bí ọmọbìnrin mẹ́ta. Tí wọ́n bá gbọ́ pé wárápá wà nílé wa, ta ni yóò fẹ́ wọn?

Ìsìákà, tó ń tajà ní ilé ìtàwé kan ní Táíwò Road, fẹ́ fẹ́ Múnírà. Wọ́n ti fi yìgì sí ẹ̀yìn àwẹ̀. Múnírà fẹ́ sọ àìsàn rẹ̀ fún un. Mo ní kó pa ẹnu mọ́ dìgbà tí yìgì bá so. Ó gbọ́ tèmi, ó máa ń gbọ́ tèmi.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan ni mo lọ gba oògùn rẹ̀ ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó fún mi sọ fún mi pé, "Màmá, tó bá máa gbààwẹ̀, ẹ mú un wá kí dókítà bá a tún wákàtí rẹ̀ ṣe. Kò gbọdọ̀ lo méjì pọ̀ o. Òòyì á máa kọ́ ọ, á máa rí ẹnì kan ní méjì, ahọ́n rẹ̀ á wúwo."

Mi ò mú un lọ. Aṣọ ọdún tí mo ń rán fún àwọn oníbàárà pọ̀ nílẹ̀, ìjókòó ọsibítù sì máa ń pẹ́. Ká ní kò gbààwẹ̀ rárá, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé kẹta sí tiwa ni ìyá Ìsìákà ń gbé. Tó bá rí i tó ń jẹun lọ́sàn-án, á bèèrè àìsàn tó ń ṣe é. Mo wá ní kí Múnírà lo ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán pọ̀ nígbà sààrì, kó lo ti alẹ́ nígbà ìṣínu. Mi ò sọ fún un ohun tí nọ́ọ̀sì wí.

Lọ́jọ́ karùn-ún àwẹ̀, Múnírà fẹ́ sọdá ní Táíwò Road láàárọ̀, òòyì ń kọ́ ọ, mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. Ìsìákà ló sáré fà á. Nígbà tó bi í pé kí ló dé, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń wò wọ́n, wọ́n ní ọtí ni, nínú àwẹ̀.

Ìsìákà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò jókòó. "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Wàláhì, mi ò fẹ́ gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́. Ṣé Múnírà ń mu nǹkan ni?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Mo wá rò ó pé bí mo bá ní oògùn ni, á bèèrè oògùn kí ni. Ọtí á ba orúkọ ẹnì kan jẹ́, wárápá á ba ti gbogbo ilé. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Ìsìákà, mo ti bá a sọ ọ́ títí, ó ti sú mi."

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, ìyẹn ni mo rí sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. Ẹ gbọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn ará ilé Ìsìákà ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́, wọn ò sọ ìdí. Múnírà lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì, kò jáde sí i. Ó gbà pé wọ́n ti gbọ́ nípa wárápá rẹ̀ ni. Nígbà tí àwẹ̀ parí, ó padà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró. Mo sọ fún un pé ebi àwẹ̀ ló fa òòyì yẹn. Àwọn ọkùnrin mìíràn wá, kò dá wọn lóhùn. Ó ní bí ẹni tó fẹ́ràn òun tó yẹn bá lè sá, òun ò tún dán an wò mọ́. Ìsìákà ti níyàwó, ó ti bímọ. Múnírà ṣì wà nílé mi.

Òun náà ló ń tọ́jú mi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dìde láàárọ̀, ilé ń yí mi, mo rí Múnírà méjì lẹ́nu ọ̀nà. Ó sáré dì mí mú, ó gbé mi jókòó, ó sì ń wò mí títí. Ẹ̀rù bà mí.

Ó ní, "Bó ṣe ṣe mí nínú àwẹ̀ yẹn nìyí. Àṣé oògùn ni, Àǹtí. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún wa nígbà yẹn ni, ẹ̀ bá ti bá mi ṣàlàyé fún Ìsìákà."

Mo ní kó bá mi bu omi wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìdílé kan ti ń wá bèèrè àkọ́bí mi lọ́wọ́ wa. Bí mo bá sọ, ọkọ mi á gbọ́, àwọn yẹn náà lè gbọ́. Bí mi ò bá sọ, àbúrò mi á máa rò títí ayé pé àìsàn òun ló lé ọkọ lọ, èmi ni mo sì lé e. Mi ò lè máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n fo Múnírà dá. Lánàá, ó dì mí mú lọ sí balùwẹ̀, ó ń ṣàdúà fún mi bá a ṣe ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?