Wọ́n Ní Kí N Kúnlẹ̀ fún Ẹni Tó Já Íńtánẹ́ẹ̀tì Mi

Àbúrò ọkọ mi ni kò jẹ́ kí n rí orúkọ fi sílẹ̀ fún ìdánwò ìgbéga. Síbẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó bá wọn dá mi lẹ́bi.

Akọ̀wé kékeré ni mí ní iléeṣẹ́ ìjọba kan níbí l'Ábújá. N kò lọ yunifásítì. Inú ilé ni mo ti kàwé, kọ̀ǹpútà náà, èmi ni mo kọ́ ara mi. Ìdánwò yìí nìkan ló lè gbé mi kúrò ní ipò tí mo ti wà láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n á sì ti ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday. Wáyà tẹlifóònù sì ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé wa ní Wuse. Àwọn ẹlòmíràn ti ń lo modẹ́mù kékeré tí kò nílò wáyà tẹlifóònù, ọkọ mi ní èyí tí a ní ti tó.

Áà, ó ń fà! Kọ̀ǹpútà á pe nọ́ńbà, á han gooro, ojú ìwé á máa ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fipá mú. Kí n tó tẹ orúkọ mi tán, ó ti já. Mo yọ wáyà, mo nù ún, mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo bẹ gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tẹlifóònù. Àbúrò ọkọ mi ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ìyàwó wa." Ọkọ mi ò gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù, ó ní, "Mummy Tósìn, o ò kọ́ṣẹ́ ẹ̀, o ṣáà ń tẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo bà á jẹ́."

Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday, mo tún jókòó tì í. Mo ti dé ibi fọ́tò, ó tún já! Mo gbé tẹlifóònù pálọ̀ kí n gbọ́ bóyá láìnì ń dún. Kí ni mo gbọ́? Ẹ̀rín! "Baby, ẹ̀wà nìkan lo jẹ? Kai, ìyà ń jẹ ẹ́ ní Kabusa lọ́hùn-ún o!" Àbúrò ọkọ mi ni, ó gbé tẹlifóònù kejì ní yàrá rẹ̀, ó ń bá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láìnì kan náà ni. Bó bá ti gbé tiẹ̀, tèmi já nìyẹn.

Èmi ni mò ń wẹ̀ fún ọmọ yìí nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó dé, nítorí náà Bọ̀dá Kékeré ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ yẹn, n ò rántí. Mo lọgun: "Wálé! Gbé fóònù yẹn sílẹ̀!"

Ọkọ mi dìde kúrò nídìí bọ́ọ̀lù. "Ta lo pè lórúkọ?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ tì í!"

"Mo ní ta lo pè lórúkọ?"

Wálé jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìyàwó wa ti di ọ̀gá kí wọ́n tó ṣèdánwò."

Ẹjọ́ yẹn ni wọ́n dá mi dúró sí títí. Nígbà tí mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ti tì í.

Ìyá ọkọ mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò béèrè ìdánwò o, ó ní kí n kúnlẹ̀. N kò kúnlẹ̀. Ọkọ mi ò jẹ oúnjẹ mi mọ́.

Dádì Tósìn, mo mọ̀ pé ẹ ó ka èyí. Orúkọ Wálé tí mo pè, kò dín, kò bù. Orúkọ tèmi tí kò wọlé ńkọ́? Ta ni yóò bẹ̀ mí? Ẹ dá mi lóhùn.