Abo Ẹfọ̀n Oníwo Kíkán Tí Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Pa

Ẹ jókòó. Kí ẹ tó ní kí èmi Orval gbàdúrà sórí agbo ẹfọ̀n tuntun yìí, ẹ gbọ́ ohun tí mo fi pa mọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, kí ẹ lè mọ irú nǹkan tí ẹ ń pè lágbà.

Ọdún mọ́kànlá ni Theda, àbúrò mi, fi bẹ àwọn ìgbìmọ̀ wa pé kí ẹfọ̀n padà sórí ilẹ̀ àwa ẹ̀yà Píkúnì, àwa ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Màlúù ni èmi ń sìn ní tèmi, létí odò. Mo máa ń fi í ṣẹ̀sín lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi, àwọn ọ̀lẹ tó ń wọ bàtà gígùn bí òyìnbó: "Theda, ṣé ẹfọ̀n ló máa wá wa mọ́tò gbé ẹ lọ sọ́jà?" Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, màlúù tiyín náà ò kúkú tíì gba láísẹ́ńsì." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, inú mi á sì máa ta bí egbò.

Nígbà tí ogójì ẹfọ̀n dé, ilẹ̀ etí odò náà ni ìgbìmọ̀ fún wọn. Wọ́n ní bí agbo bá já ọgbà lẹ́ẹ̀kan péré kí òtútù tó lọ, wọn á kó wọn kúrò, ilẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú nìyẹn.

Wọ́n fẹ́ pa ọ̀kan fún oúnjẹ àwọn arúgbó. Èmi ni wọ́n yàn, torí ìbọn mi kì í tàsé. Theda di apá mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ́ akọ ni kí ẹ yìn ín fún o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan abo tí ìwo rẹ̀ kán yẹn. Ibi tó bá lọ ni gbogbo wọn ń lọ." Mo ní, "Ta lò ń kọ́?" Òótọ́ ni, mo mọ̀. Láti kékeré ni ìyá àgbà ti kọ́ wa pé a kì í pa èyí tó ń ṣíwájú. Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an, èmi ẹni ibi, ni mo fi mọ ibi tí màá na ẹnu ìbọn sí. Abo oníwo kíkán ni mo pa. Mo ní oòrùn ló wọ̀ mí lójú.

Lọ́jọ́ kẹta, agbo tí kò ní aṣáájú já ọgbà, wọ́n kọrí sórí odò tó ti di yìnyín. Theda sáré lọ dá wọn padà. Mo dúró létí odò, mo rí i pé yìnyín ibi tó ń lọ fẹ́lẹ́. Bí mo bá kígbe, yóò dúró, ṣùgbọ́n ẹfọ̀n náà á ta gìrì, wọ́n á yí padà wọ ọgbà kí ìgbìmọ̀ tó mọ̀ pé wọ́n já a. Ìyẹn ni mi ò fẹ́. Yìnyín là, ó gbé Theda àti ẹfọ̀n mọ́kàndínlógún mì.

Níbi ìsìnkú, mo lẹ́nu, mo ní, "Òmùgọ̀ ẹranko ló pa á." Ẹ bá mi sunkún. Ẹ dá ilẹ̀ padà fún mi, màlúù mi sanra, mo jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá ń fi ohun ìran rẹ̀ ṣẹ̀sín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń jẹ nídìí ẹ̀ kí ẹ tó bá a rẹ́rìn-ín.

Josette, ọmọ Theda, o rò pé àánú ni mo fi tọ́ ẹ. Ojú ayé ni. Ìdáríjì ni mo fẹ́. Bí o bá kọ̀, o ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tìtorí ìtìjú ìdílé bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé ẹfọ̀n kọ́ ló pa ìyá ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dákẹ́.