Wọ́n Ní Mo Gbàgbé Ìkìlọ̀ Tí Mo Kọ

Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ jáde, ẹ má sọ pé kí n fọwọ́ sí i! Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ wojú mi. Ṣé ẹni tó máa purọ́ mọ́ ara rẹ̀ lẹ rí níbí yìí? Kí èmi gbà pé mo gbàgbé, kí n tún forúkọ sí i nísàlẹ̀? Ó ń rí mi lára! Láti àná tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi ti na bébà yìí sí mi, mi ò tíì lè kà á kọjá ìlà kìíní.

Ẹ ní ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ tí mo máa ń yìn fún yín náà nìyẹn? Òun ni, Ṣeéfúnmi. Ẹ̀rọ AI tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń rà lọ́wọ́ wa, tí ẹ máa kàn sọ fún pé ẹ fẹ́ fọ́ọ̀mù tí ẹ ó fi máa kó ọjà jáde, tàbí tábìlì orúkọ àwọn oníbàárà, á sì ti kọ gbogbo kóòdù rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Àwọn tó ṣe é ò kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Oṣù mẹ́rin, Àǹtí! Ẹ sì mọ̀ mí, n kì í kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu sọ fún mi, àfi ohun tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Mo gbà á, kò dùn mí.

Níbi ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn náà ni mo ti rí i. Mo ní kó dá fọ́ọ̀mù kan, mo fún un ní orúkọ tí mo ti lò fún fọ́ọ̀mù mìíràn tẹ́lẹ̀, mo rò pé á bi mí pé èyí ti wà ńlẹ̀ o, kí ni ká ṣe. Bíbi wo! Ó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ ráúráú, ó gbé tuntun jókòó sípò rẹ̀, ó tún kí mi kú oríire. Mo bá kọ ọ́ sójú ìwé kìíní, ní lẹ́tà pupa, bí màmá wa ṣe máa ń sọ ọ́, pé kí wọ́n yojú wo inú ìkòkò kí wọ́n tó da omi tuntun sí i, nítorí bí orúkọ yẹn bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ yìí á da ti àtijọ́ nù, kò sì ní bi yín.

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ìkòkò kò yẹ ìwé ilé iṣẹ́, ó ní ìwé mi gùn jù. Ó gbé e fún Ṣeéfúnmi fúnra rẹ̀ pé kó bá òun tún un ṣe. Ẹ gbọ́ ọ rí? Ẹni tí à ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni wọ́n ní kó wá tún ìkìlọ̀ kọ! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó nu ìwé náà títí tó fi ń kọ mọ̀nà, ó sì yọ ìkìlọ̀ yẹn dànù bí ìgbà téèyàn yọ egungun ẹja. Ogójì ojú ìwé di mọ́kànlá. Wọn ò fi hàn mí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sáyé. Orúkọ mi nìkan ni wọn ò yọ. Ṣíọ̀!

Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn kúrò lórí aṣọ, òórùn rẹ̀ ti ń jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ilé iṣẹ́ bàtà kan ní kí Ṣeéfúnmi dá fọ́ọ̀mù tuntun, orúkọ fọ́ọ̀mù wọn àtijọ́ ni wọ́n sì fún un. Fọ́ọ̀mù ọdún mẹ́fà tó ń rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún pé mọ́ ẹsẹ̀ òsì kí ọkọ̀ tó gbéra, ó lọ! Odindi ọkọ̀ mẹ́ta kó ẹsẹ̀ òsì nìkan lọ bá àwọn tó ń tà á. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in. Obìnrin tó ṣe é níbẹ̀ sunkún sí mi létí lórí fóònù. Ó ní ohun tí ìwé mi sọ lòun tẹ̀ lé. Ìwé mi, Àǹtí!

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀gá ò rántí mọ́ pé òun gbé ìwé kankan fún ẹ̀rọ. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ńkọ́? Orúkọ kan náà ni Ṣeéfúnmi fi tọ́jú tuntun, ó ti pa tèmi rẹ́! Wọ́n ní bí mi ò bá fọwọ́ sí bébà yìí kó tó di ọjọ́ Ajé, kí n má wá mọ́. Ẹ ní iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, mo mọ̀. Àmọ́ ta ló máa gbé ìwé kíkọ fún ẹni tó ti fọwọ́ sí i pé òun máa ń gbàgbé? Orúkọ yẹn ni mo fi ń jẹun!

Ẹ gbà, ẹ kà á fúnra yín. Ẹ kà á sókè kí n gbọ́. Ẹ̀n-ẹ́n, "mo gbà pé mo gbàgbé láti sọ fún àwọn oníbàárà pé..." Pé kí ni? Ẹ dúró. Ẹ tún ibẹ̀ kà.

Kí wọ́n yojú wo inú ìkòkò? Ìkòkò wo? Ìkòkò tí kò yẹ ìwé ilé iṣẹ́! Ọ̀gá tí kì í kọ lẹ́tà ìkíni láìgbé e fún Ṣeéfúnmi, ẹ̀rọ yẹn náà ló tún ní kó kọ bébà yìí! Bí mi ò bá kọ ọ́ rí, Àǹtí, níbo ni ẹ̀rọ yẹn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá wa?

Háà! Há há há! Ẹ má ká a, ẹ má jẹ́ kó ya. Ẹ wá bírò pupa fún mi. Màá fa ìlà sábẹ́ ìkòkò yẹn, tó bá di ọjọ́ Ajé màá kà á sójú gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀mẹta.