Orí Màmá Pé, Èmi Ni Mo Da Àpótí Rú

Ẹ̀yin ọmọ àbúrò Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dáná sun àwọn àpótí kòkòrò yẹn. Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ fún ẹni tó wá palẹ̀ ilé mọ́ pé, "Iṣẹ́ arúgbó tí orí ẹ̀ ti dàrú ni, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni." Orí Màmá kò dàrú. Èmi ni mo sọ pé ó dàrú, irọ́ ni mo sì pa. N kò mọ̀wé púpọ̀. Ibi tí mo bá ti kọ ọ́ tí kò gún, ẹ bá mi fojú fò ó.

Ilẹ̀ ni mo wá gbá níbi iṣẹ́ Màmá. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa pè wọ́n ní Ìyá Kòkòrò. Màmá a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ kòkòrò." Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń wọ igbó, àwọ̀n lọ́wọ́ kan, àpò ewé lọ́wọ́ kejì. Àwọn ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ wọn ní obìnrin kò lè pẹ́ nídìí ẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ sá lọ jókòó sídìí tábìlì.

Wọ́n kọ́ mi bí a ti ń tẹ ewé gbẹ láàárín ìwé ìròyìn, àti bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ gún kòkòrò mọ́ inú àpótí. Lábẹ́ kòkòrò kọ̀ọ̀kan, ìwé pélébé kan wà tó ń sọ ibi tí wọ́n ti mú un. Màmá a ní, "Kòkòrò tí kò ní ìwé lábẹ́ dà bí ọmọ tó sọnù lọ́jà." Bí abẹ́rẹ́ bá dípẹtà, a ó pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ yọ ìwé méjì pọ̀. Ká yọ ọ̀kan, ká dá a padà, ká tó fọwọ́ kan òmíràn.

Lọ́jọ́ kan tí Màmá wọ igbó, mo fẹ́ tètè ṣe tán. Mo yọ gbogbo ìwé inú àpótí kan, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Ooru mú. Mo tan fáànù. Ọgbọ́n wo nìyẹn, èmi yìí? Ìwé fò káàkiri yàrá. Àwọn kòkòrò náà jọra bí ìbejì, àwọn kan ti etí odò wá, àwọn kan ti orí òkè. Mo kàn ń fi ìwé sábẹ́ èyí tó bá wù mí. Nígbà tí Màmá dé, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ yá."

Màmá sì ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn pé kòkòrò kan wà tí kì í gbé orí igi mìíràn, àfi igi eléèpo pupa kan létí odò. Iṣẹ́ ayé wọn nìyẹn. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ náà wá wò ó. Àpótí yẹn gan-an ni wọ́n ṣí. Ìwé ń sọ orí òkè, Màmá ń sọ etí odò. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ lọ sinmi. Ara ti dàgbà."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá pè mí. "Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Ṣé o fọwọ́ kan ìwé àpótí yìí?"

"Rárá, Mà." Ìbá tiẹ̀ mọ níbẹ̀. Mo tún fi kún un pé, "Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan, Mà. Lánàá, ẹ jẹun tán, ẹ tún ní ẹ ò tíì jẹun."

Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n rọra gbé ẹ̀mú ọwọ́ wọn kalẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Wọn kò wọ igbó mọ́. Wọ́n wá ń bi mí pé, "Ṣé mo ti jẹun?" "Ṣé mo ti ti ilẹ̀kùn?" Ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ewé. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n kú, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ìwọ lo wá di orí mi." Òótọ́ ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Àpótí kan ṣoṣo ni mo bà jẹ́, èyí tí gíláàsì rẹ̀ sán ní igun. Ìyókù pé. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sétí odò, mo yí ewé igi eléèpo pupa náà padà. Kòkòrò yẹn wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń jẹun. Mo gun òkè, mo wá a tì. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi lẹ́yìn náà, mo gbà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, nítorí ẹni tí mo ṣẹ̀ kò sí mọ́ láti gbọ́ ọ.

Ó ku ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ yàrá àpótí tí ẹ ń wá láti àná, ẹ bi mí, mo ní mi ò rí i. Ẹ wá dúró, ẹ ń họrí, ẹ ní, "Àbí èmi náà ti ń gbàgbé nǹkan bíi Màmá?" Mo rí ojú Màmá lójú yín. Ẹ kò gbàgbé. Màmá náà kò gbàgbé. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ náà wà.