Mo Yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Torí Pé Ọmọ Ìkálẹ̀ Ni

Gbogbo àdúgbò wa ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ ló ń pè mí ní Dókítà. Àwọn ọlọ́kadà ń pè mí bẹ́ẹ̀, ìyá ìjọ wa ń pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú pẹpẹ, èmi náà sì ń dáhùn, aláìnítìjú! Irọ́ ni o. Ọdún keje rèé tí mo ti ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ saikọ́lọ́jì, n kò tíì parí, èyí tí mo sì ń kà gan-an kọ́ ló wà lọ́kàn mi. Ta ló tì mí síbẹ̀? Ẹnu mi yìí àti ìgbéraga mi ni.

Nígbà tí mo gba máásítà tán, ilé ìwé méjì ló fún mi láyè. Àkọ́kọ́ jìnnà gan-an, ṣùgbọ́n inú ọsibítù ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń tọ́jú àwọn tí ìrònú àti ìbẹ̀rù ti dà lọ́kàn rú. Ohun tí mo fẹ́ láti kékeré nìyẹn. Ìkejì, ìwà òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń yẹ̀ wò: kí ló dé tí akọ̀wé fi ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kàn mí níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkálẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ mi. Bí bàbá mi ṣe gbọ́ báyìí, ó fò sókè. "Ọmọ wa ni! Èèyàn wa wà níbẹ̀, o tún fẹ́ máa tọ àjèjì lọ? Á mú ẹ bí ọmọ tó bí."

Ṣadé, tí a jọ ṣe máásítà, bi mí pé, "Ọ̀rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ti parí lábẹ́ ẹ̀? Tó o bá ṣe tán, ṣé wọ́n á jẹ́ kó o tọ́jú aláìsàn?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ tó ò lẹ́nìkan, máa béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Èmi ń lọ sílé bàbá mi." Ṣadé gba ilé ìwé ọ̀nà jíjìn yẹn lọ ní tiẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mú mi bí ọmọ lóòótọ́! Bí mo bá kó iṣẹ́ mi lọ bá a, á ní, "Ọmọ mi, fi síbẹ̀, a ó sọ ọ́ nílé." Ilé wo? Á dé ilé wa lọ́jọ́ Sátidé, á jẹ pupuru tí mo rò, òun àti bàbá mi á máa sọ̀rọ̀ oyè ìlú, iṣẹ́ mi á wà nínú mọ́tò rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń kọ̀wé fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n sì ń rí ọ̀gá mìíràn gbà. Èmi ńkọ́? Ta ló ń fẹjọ́ bàbá rẹ̀ sùn?

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò ìyá mi bímọ ní Àjàgbà. Kò fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ, kì í sùn, ẹkún ló ń sun ṣáá. Ìjọ gbààwẹ̀ títí. Àbúrò ìyá mi wá fà á lé mi lọ́wọ́: "Dókítà, iṣẹ́ ẹ rèé." Mo mọ orúkọ àìsàn náà, mo ti ka ìwé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí à ń ṣe sí i, ẹnikẹ́ni kò sì fún mi láṣẹ láti ṣe é. Ṣadé ni mo pè. Kò fi mí ṣẹ̀sín, ìyẹn ló tún dùn mí jù! Òun àti àwọn dókítà ọsibítù rẹ̀ tọ́jú ìyá ọmọ náà títí tó fi ń rẹ́rìn-ín, tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìyá ọmọ yẹn wá bi mí, láìmọ̀ọ́mọ̀, pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìwé Àǹtí Ṣadé pọ̀ ju tiyín lọ ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba máásítà, ẹ béèrè iṣẹ́ tí oyè yẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ tó béèrè ìlú ọ̀gá. Mo tún kọ̀wé sí ilé ìwé jíjìn yẹn, wọ́n ní àwọn ṣì fẹ́ gbà mí, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá mi ní bí mo bá fi ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀, òun kò ní lè gbójú sókè mọ́ láàárín àwọn àgbà. Lọ́jọ́ Ajé ni ilé ìwé náà fẹ́ gbọ́ èsì mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dójú ti bàbá yín rí, tẹ́ ẹ sì tún bá a jẹun lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ fún un?