Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi sí Ọkọ Mi, Tí N Kò Jẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì ti sú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Bí èébú bá wá tọ́ sí mi, màá gbà á.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, ọkọ mi fẹ́ mú mi lọ síwájú àwọn ará ìlú wa kí n lọ fi Kùránì búra. Ohun tó fẹ́ kí n búra sí, irọ́ ni. Òun ò mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi mọ̀, torí èmi ni mo pa á.

Aránṣọ ni mí. Ìdímù ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Ẹ̀gbẹ́dá la sì ń gbé. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti wá. Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bàbá Ṣakírù, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà. Ó ti gba dìgírì kí ó tó fẹ́ mi. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ wá láti ìlú, tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Màá pe ìyẹn ní Ràímì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó ilé kì í pe ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Inú àwo kan náà làwọn méjèèjì ti máa ń jẹun.

Lásìkò tí owó epo ń wọlé yẹn, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń wá ọmọ Nàìjíríà tó máa jókòó sórí àga òyìnbó. Ilé-iṣẹ́ tiwọn ní àwọn máa rán ẹnì kan lọ sí ìlú òyìnbó, kí ó lọ gba máàsítà nínú ètò okòwò àti bí a ṣe ń darí èèyàn. Bó bá dé, mánéjà ni. Wọ́n ṣà á títí, ó wá ku ọkọ mi àti Ràímì. Intafíù ló máa yan ọ̀kan.

Ọkọ mi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó yá ìwé nípa ètò okòwò jọ, ó ń kà á. Kò burú. Ṣùgbọ́n kò kà á sórí lásán, àwa ló ń fi dánra wò!

Ó dá ìpàdé sílẹ̀ ní pálọ̀ wa. Àràárọ̀ Sọ́ńdè ni. Èmi, ìyá rẹ̀ tó ń gbé pẹ̀lú wa, àti ọmọ wa Ṣakírù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, àwa ni ọmọ ìgbìmọ̀. Yóò gbàdúrà, yóò ka àjẹ́ńdà: ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì. Ìyá ní orúnkún ń dun òun, ọkọ mi ní ìyẹn ò sí lórí àjẹ́ńdà. Bó bá parí, á wá béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ mìíràn?" Bí ó ṣe máa ń parí rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló ṣòfin. Ó ní ẹni tó bá máa darí èèyàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa já lu òun nígbà tó bá wù wọ́n. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ sọ, kí á pa á mọ́ di ìpàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ilé la wà o, a ò sí ní ọ́fíìsì! Lọ́jọ́ kan òjò ń rọ̀, òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sáré lọ sọ fún un. Ó ní kí n mú un wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Èmi ni mo gun bẹ́ẹ̀dì lọ gbé agbada sábẹ́ ibi tó ń jò.

Intafíù yẹn, Túsìdeé ni wọ́n dá a sí. Ní Tọ́sìdeé tó ṣáájú rẹ̀, Ràímì yà ní ṣọ́ọ̀bù mi bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

"Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, sọ fún ọkọ rẹ pé intafíù ti kúrò ní Túsìdeé o. Sátidé yìí ni, láàárọ̀. Ọ̀gá òyìnbó fẹ́ rìnrìn àjò. Má gbàgbé o."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà. Màá sọ fún wọn."

Mo sì fẹ́ sọ ọ́. Ọlọ́run rí mi. Mo délé, ó wà nídìí ìwé. Mo ní, "Bàbá Ṣakírù, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ yín ní kí n..." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó na ìka sí mi, ó ní, "Sọ́ńdè."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ò lè dúró o."

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa ń gbà pé ọ̀rọ̀ tòun lè dúró. Ohun tó ń ba ilé-iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Sọ́ńdè, jàre."

Inú bí mi gan-an. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, Sọ́ńdè náà ni.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá má yọ yín lẹ́nu. Ẹ bá bá mi sọ fún un pé òfin ara rẹ̀ ló mú un. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti ọjọ́ Jímọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìbínú mi ti rọlẹ̀. Ọkọ mi ti mọ́ṣáláṣí dé, kò kàwé, ó gbé Ṣakírù sórí ẹsẹ̀, ó ń bá a ṣeré. Bí mo bá lanu nígbà yẹn, yóò gbọ́. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo ń wá bí n ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá ti lọ, kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí èmi àti ìyá òun padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ títí òun yóò fi dé. Ó ní òun ti pinnu rẹ̀, òun kàn máa kà á sí wa létí lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ojú ara mi wá, tí mo fi ọwọ́ ara mi kun! Wọ́n á kà á sí mi létí!

Mo pa ẹnu mi dé. N kò gbàgbé, ẹ má jẹ́ kí n tan yín. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Láàárọ̀ Sátidé, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mò ń ránṣọ, ọkọ mi sì wà nílé tó ń kàwé sílẹ̀ de Túsìdeé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ṣe ìpàdé rẹ̀. Ó béèrè bóyá a ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní rárá.

A ò tíì dìde tí Ràímì fi wọlé. Ó ní, "Ṣé ara rẹ ò yá ni? A retí rẹ títí lánàá. Mo tiẹ̀ bẹ òyìnbó kí ó ní sùúrù díẹ̀ sí i."

Ọkọ mi ní, "Níbo?"

"Ní intafíù ńkọ́! Mo ṣáà rán ìyàwó sí ọ."

Gbogbo wọn wò mí. Ìyá ọkọ mi náà wò mí. Ó yẹ kí n sọ fún ọkọ mi pé mo wá sọ ọ́, òun ló ní kó di Sọ́ńdè. Kò wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní, "Wọn ò rán mi níṣẹ́ kankan o."

Ràímì wò mí. Mo rò pé á pè mí ní òpùrọ́. Ó yẹ kó pè mí bẹ́ẹ̀. Ó rọra ní, "Ó lè jẹ́ pé mi ò sọ ọ́ kó yé e. Ariwo máṣíìnì pọ̀."

Kí ilé mi má bàa tú ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ yẹn náà ni ọkọ mi fi dì í mú. Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń yí, ó ní Ràímì mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ kí ó lè dá lọ ni. Ó lé e jáde.

Ràímì lọ sí ìlú òyìnbó, ó gba máàsítà, ó dé, ó di mánéjà. Gowon Estate ló ń gbé báyìí. Ọdọọdún tí a bá ṣe Iléyá ló ń gbé ẹran wá kí wa, ọkọ mi kì í ṣílẹ̀kùn fún un. Èmi máa ń wà ní kọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń kanlẹ̀kùn.

Ọkọ mi kò ka ìwé kankan mọ́ láti ìgbà náà. Ó ní kí lòun fẹ́ kà á fún. Ìpàdé Sọ́ńdè náà parí. Ṣebí èmi ni mo ń fẹ́ kó parí? Ẹ wá wo bí ilé wa ṣe dákẹ́. Ó ń dùn mí.

Nísinsìnyí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìdímù fẹ́ fi Ràímì ṣe alága, nítorí ẹ̀kọ́ tó kọ́. Ọkọ mi dìde, ó ní òpùrọ́ ò lè darí òun. Àwọn àgbà ní kí ó mú ẹlẹ́rìí wá, kí ẹlẹ́rìí náà sì fi Kùránì búra. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Wọ́n bi Ràímì ní ohun tó ní í sọ. Wọ́n ní kò sọ ju pé ariwo máṣíìnì pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá ọkọ mi á lè jókòó tì mí mọ́. Òun ló ṣòfin, mo mọ̀, ó sì ń bí mi nínú títí dòní. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn kò sí nínú òfin rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ni ín.

Sọ́ńdè tó kọjá, ọkọ mi tún pe ìpàdé. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe é gbẹ̀yìn. Ohun tí mo máa sọ níwájú àwọn àgbà nìkan ló wà lórí àjẹ́ńdà. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Inú rẹ̀ dùn, ó ní mo gbìyànjú. Ó wá wo èmi àti ìyá rẹ̀, ó ní, "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ mìíràn?"

Mo tún ní rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kà á, ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo ní nìyí. Ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sọ́ńdè.